Èsì wa lórí gbẹ̀gìrì ọjọ́ Àìkú àti èlùbọ́ tó di kókó

Àǹtí wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá.

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ilé àmàlà wa. Ẹ ní gbẹ̀gìrì wa ṣàn bí omi, ẹ ní ọmọ tó gbé oúnjẹ wá kò tètè bu omi ìfọwọ́ fún Màmá, ẹ sì ní èlùbọ́ tí ẹ rà lọ́wọ́ wa di kókó mọ́ yín lọ́wọ́ nílé lẹ́ẹ̀mejì. Ìràwọ̀ mẹ́ta lẹ fún wa. Nínú ẹ̀sùn mẹ́ta yìí, mo jẹ̀bi méjì.

Gbẹ̀gìrì ná. Òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn, àwọn èrò ṣọ́ọ̀ṣì ti ya bo wa, ẹ̀wà tí a sè láàárọ̀ ń tán lọ, ẹni tó wà nídìí ìkòkò bá da omi gbígbóná lé ìyókù kó lè kárí. Ibi tí mo ti ń gba owó ni mo wà, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ìkòkò. Màmá gan-an ló kọ́kọ́ tú wa fó. Wọ́n ti òkèlè bọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń wo bó ṣe ń kán tótó sínú àwo, wọ́n wá pè mí: "Olóńjẹ, ẹ̀wà yìí ti jiná tán kó tó tún rí omi." Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ní Ìbàdàn níbí, kí wọ́n ka irú ẹ̀ sí èèyàn lọ́rùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré! Láti ọjọ́ náà, bí gbẹ̀gìrì bá tán, a ó ní ó ti tán. Ẹni tó bá lè fi ewédú àti ọbẹ̀ ata nìkan jẹ àmàlà, kó jókòó.

Ti omi ìfọwọ́, ẹ má bínú. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mo ti bá a sọ̀rọ̀.

Ó wá ku èlùbọ́. Àǹtí mi, ẹ̀bi èlùbọ́ kọ́. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé nígbà àkọ́kọ́, ẹ fi omi tútù pò ó bí ẹni fẹ́ ro sẹ̀mó. Nígbà kejì, ẹ ń wọ́n ọn sínú omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kókó ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí omi hó yaaya, ẹ bu díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ dín iná kù. Ẹ jọ èlùbọ́, kí ẹ wá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Orógùn ni kí ẹ mú, kì í ṣe ṣíbí tí ẹ fi ń din ẹyin. Ẹ máa fi fún un mọ́ ara ìkòkò títí kókó á fi fọ́, ẹ wá da omi tí ẹ bù sílẹ̀ yẹn lé e lórí, ẹ dé e pa kó sè. Tó bá ti ń hó pùkẹ̀pùkẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá, ẹ tún un rò.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná pa, kí Màmá má baà fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá tó fi ìka lásán mọ ohun tí a ṣe sí gbẹ̀gìrì! Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tó wù wọ́n.

A kì í gba owó gbẹ̀gìrì, nítorí náà mi ò mọ iye tí mo fẹ́ dá padà fún yín. Tí ẹ bá tún mú Màmá wá, ẹran ògúnfe tiwọn wà lọ́rùn mi. Àmàlà kejì tí wọ́n béèrè lọ́jọ́ náà, tí ẹ ò kọ síbẹ̀, èmi ò gbàgbé o. Ẹ gbé ìyókù èlùbọ́ yẹn dání, màá rò ó lójú yín. Kẹ́ ẹ ṣáà dé kí aago méjìlá tó lù, kí èrò tó pọ̀. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí Màmá fẹ́ràn, a ó fi sílẹ̀ dè wọ́n.