Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe ní Jàpáánì

Ẹni tí ó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù bíi tèmi, tí àyà rẹ̀ sì ti gbàgbé bí ilẹ̀ ṣe ń rí nítorí pé bíbọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń kí ọ̀gá níbẹ̀, kí ó lọ sí Jàpáánì. Ilé olódi Himeji ni wọn yóò ti kọ́kọ́ rán an létí.

Ikeda Terumasa, ẹni tí ó kọ́ ilé náà parí ní ọdún 1609, kò fẹ́ràn àlejò rárá. Ó mú kí ọ̀nà tí ó wọlé lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó dá ihò sí ara ògiri láti máa ta ọfà àti láti máa yìnbọn sí ẹni tí ń bọ̀, ó sì ṣe àwọn ẹnu ọ̀nà kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kí ó tó kọjá. (Lẹ́tà lásán ni onílé mi ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.) Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, wọ́n fún mi ní ọ̀rá tí n ó kó o sí, mo sì gun àtẹ̀gùn onígi tí ó dúró ṣánṣán bí àkàbà títí mo fi dé àjà kẹfà. Gígùn kọ́ ni ìṣòro, sísọ̀kalẹ̀ ni. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo ń fi ọwọ́ àti orúnkún wá ilẹ̀, nígbà tí màmá mi, tí ó ń wò mí lórí fídíò WhatsApp láti Ìbàdàn, figbe ta: “Ta ni ò ń bẹ̀ yẹn? Ṣé àwọn ìmígíréṣọ̀n ti mú ọ ni?”

Ní tẹ́ḿpìlì Tōdai-ji ní Nara, ère Búdà onídẹ tí wọ́n kun ẹyinjú sí lójú láti fi yà á sí mímọ́ ní ọdún 752 jókòó ní gíga bíi mítà 15, kò sì dìde fún ẹnikẹ́ni, èyí tí màmá mi gbà pé ó yẹ àgbà. Ihò kan wà ní ìdí ọ̀kan nínú àwọn òpó ibẹ̀ tí wọ́n ní ó fẹ̀ tó ihò imú ère náà, àti pé ẹni tí ó bá fi àyà fà gba inú rẹ̀ kọjá yóò ní ìlàjú ọkàn. Mo wo ihò, mo wo ikùn tí iyán kọ́, mo sì fi ìlàjú sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Àgbọ̀nrín ibẹ̀ ni ó wá pa mí lẹ́nu mọ́. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n ń rìn fàlàlà káàkiri ọgbà ìlú náà, nítorí ìgbàgbọ́ àtijọ́ pé ìránṣẹ́ òrìṣà ojúbọ Kasuga ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tí kò rọrùn fún ẹni tí ó dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹran ìgbẹ́ kọ́ sí ẹ̀bá títì láti gbọ́. Bí o bá mú bísíkíìtì tí wọ́n fi èérí ìrẹsì ṣe jáde, ẹran náà yóò tẹrí ba fún ọ, tòun ti ìwo. Ọmọ àbúrò mi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, orí àga ni ó máa ń jókòó sí tí yóò fi sọ pé “Hai, Ọ́ńkù!” Mo fi fídíò àgbọ̀nrín ránṣẹ́ sí i kí ojú lè tì í. Ó dáhùn pé bísíkíìtì ni ẹran náà ń wá, kì í ṣe pé ó mọ ọ̀wọ̀. Mo bi í pé kí ni ó rò pé èmi náà ń wá níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní gbogbo ọdún Iléyá.