Ọlọ́pàá ṣí fóònù àbúrò mi. Níbo la ti ń fẹjọ́ wọn sùn?

Aláṣọ Ọjà Ọba: Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ bá mi dá sí i. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ọlọ́pàá kan dá ọ̀kadà tó gbé àbúrò mi dúró. Wọ́n ní kó ṣí fóònù, wọ́n wọ Wásáàpù rẹ̀, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá mú un lọ sọ́dọ̀ oní-POS, ó yọ ₦15,000 fún wọn. Mi ò ní dárúkọ tẹ́ṣàn wọn. Níbo la ti ń fẹjọ́ ọlọ́pàá sùn láìkó sí ìjọ̀gbọ̀n?

Ọmọ Bàbá Tíṣà: Ọ̀kadà lálẹ́? Kí ló dé tí kò wọ kòrópe?

Onídírẹ́ẹ̀dì: Èmi tí mo di dírẹ́ẹ̀dì ńkọ́? “Ọmọ yàhúù” ni orúkọ mi lọ́dọ̀ wọn. Káfíńtà ni mí o.

Ìdájọ́ Òdodo: ẸNIKẸ́NI MÁ ṢÍ FÓÒNÙ FÚN WỌN!

Lọ́yà Àdúgbò: Nígbà tí Usman Alkali Baba wà nípò ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ó kéde pé kí wọ́n yéé yẹ fóònù ará ìlú wò lójú títì. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 náà ò gbà kí wọ́n mú ìyá dípò ọmọ. Police Service Commission l'Abùjá ló lágbára láti lé wọn níṣẹ́. Béèlì sì rèé, ọ̀fẹ́ ni.

Sùúrù Lérè: “Béèlì, ọ̀fẹ́ ni” 😂😂 Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lóòótọ́. Abẹ́ ìwé yẹn gan-an ni mo dúró sí tí mo fi ń kawó fún wọn.

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́: Abùjá kẹ̀! Owó mọ́tò àlọ nìkan ju ₦15,000 lọ.

Ìdájọ́ Òdodo: MO NÍ Ẹ MÁ ṢÍ FÓÒNÙ FÚN WỌN RÁRÁ!!!

Fàájì Onílù: Tèmi ti fọ́ lójú. Ọlọ́pàá tó gbà á wò ó, ó wò mí, ó ní kí n máa lọ, pé Ọlọ́run á ṣe é.

Ọmọ Bárékè: Ẹ ṣáà máa bú wọn. Bàbá mi lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, owó ara rẹ̀ ló fi ń ra yunifọ́ọ̀mù. Yàrá kan làwa mẹ́fà ń sùn, òjò ń rọ̀ lé wa lórí. Ta ló bi wá léèrè?

Akọni Òkè-Fíà: Yunifọ́ọ̀mù tó rà, lọ́wọ́ ta ló ti gba owó ẹ̀ padà?

Ọmọ Bárékè: Má kan bàbá mi o! Bàbá mi ò gba ẹ̀gúnjẹ rí.

Akọni Òkè-Fíà: Gbogbo yín lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbà á, ṣé wọn ò bímọ ni?

Ọmọ Bárékè: Ìwọ gan-an, níbo lo wà lọ́jọ́ 17 oṣù Ọ̀wàrà 2020, tí wọ́n ń sọ òkò lu ọkọ̀ Gómìnà Oyètọ́lá l'Ọláìyá? Ẹ̀yin náà lẹ ń ṣe ìwọ́de pé SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, ò dáa.

Akọni Òkè-Fíà: Mo wà ńbẹ̀. Páálí ni mo gbé dání, jàǹdùkú ló sọ òkò. Ọjọ́ 11 oṣù yẹn ni wọ́n ní àwọn tú SARS ká, kí ló wá yàtọ̀?

Ìyá Ìbejì: Aláṣọ, ṣé àdìrẹ aláró tí mo bi ẹ́ lọ́jọ́sí ṣì wà?

Aláṣọ Ọjà Ọba: Ó wà, mà. Mo ti tọ́jú ọ̀pá márùn-ún pa mọ́ fún yín.

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́: Kí ìjọba ṣáà fún Àmọ̀tẹ́kùn ní ìbọn gidi, ká sinmi.

Ọmọ Bárékè: Tí Àmọ̀tẹ́kùn bá mú olè, ta ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́? Ọlọ́pàá náà ni! Lọ́jọ́ tí olè bá wọlé yín lóru, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè.

Akọni Òkè-Fíà: Mo ti pè wọ́n rí. Wọ́n ní kí n mówó epo wá kí ọkọ̀ wọn tó lè gbéra. Bírò àti bébà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, èmi ni mo rà á.

Ọmọ Bárékè: Bírò lásánlàsàn lo wá ń kà sí bàbá mi lọ́rùn?