Ẹ̀rọ Èémí Tí Ẹ Ń Pín Kiri Yẹn: Àtúnṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ tí èèyàn kàn máa fẹ́ èémí sí, tí yóò sì sọ gbogbo àrùn tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, pé ẹ ò nílò dókítà mọ́, ẹ dúró ná. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ àbùmọ́ ló pọ̀ jù.

Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú níbẹ̀, fún ẹ̀rọ InspectIR ní ìyọ̀ǹda pàjáwìrì. Kòrónà nìkan ni. Kì í ṣe nímóníà, kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò tilẹ̀ rí kòkòrò àrùn. Èròjà kẹ́míkà márùn-ún tó ń bá èémí jáde ló ń wá.

Nínú ìwádìí tí wọ́n fi èèyàn 2,409 ṣe, ó dá 91.2% àwọn tó ní àrùn náà mọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, bíi mẹ́sàn-án ló máa yọ́ kọjá. Bó bá sì ní èèyàn ní in, FDA ní kí wọ́n fi àyẹ̀wò mìíràn jẹ́rìí sí i. Ṣé ìyẹn lẹ wá ń pè ní “ẹ ò nílò dókítà mọ́”?

Àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí ní ọsibítù ńkọ́? Wọ́n ń ṣèwádìí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mọ èròjà inú èémí, fún nímóníà tó ń mú wọn, ṣùgbọ́n àwòrán àyà àti àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni dókítà ṣì ń gbára lé.

Pé èsì ń jáde kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé? Ibẹ̀ yẹn, ẹ ò parọ́.