Ta ló ní rírà lápò ló ń dín owó oúnjẹ kù?

Apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan ni mo rà ní ọjà Ṣáṣá, n'Ìbàdàn níbí, lọ́jọ́ Sátidé kan. Inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà tí mo dà á sínú ọpọ́n, àwọn tòkè pupa fòò, wọ́n le dáadáa. Àwọn ti àárín ti ń rọ̀. Àwọn ti ìdí apẹ̀rẹ̀ ti di omi, ìdin sì wà nínú méjì mẹ́ta. Láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o bọ̀, ẹrù ń tẹ ẹrù mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí tìsàlẹ̀?

Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé ẹni tó ń rà lápò, tó ń rà lápẹ̀rẹ̀, ló ń fọgbọ́n náwó. Pé ẹni tó ń rà díẹ̀díẹ̀, ìyà ló ń fowó rà. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi bú ìyàwó ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ká ní apẹ̀rẹ̀ jẹ́ ₦30,000, ká sì ní bẹ́ ẹ bá ra iye kan náà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ ilé, ₦36,000 ló máa gbà. Èrè ₦6,000 rèé, àbí? Àmọ́ tí ìdá kan nínú márùn-ún bá ti jẹrà, èyí tó kù kò ju ohun tí ìyá aláta máa tà fún yín ní ₦28,800 lọ. Ẹ ti pàdánù ₦1,200, ẹ ò sì tíì san owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó ẹ̀rọ ata àti gáàsì tẹ́ ẹ máa fi sè é gbẹ.

Ẹ ní fírísà wà. Iná ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ata, owó pẹtiróòlù ti di owó ọbẹ̀ nìyẹn.

Ti ẹ̀wà tún le jù. Kòkòrò ẹ̀wà ò lò ju bí oṣù kan lọ láti inú ẹyin títí á fi máa fò kiri. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ rà á lọ́pọ̀, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ táútáú, ẹ dà á kún dé ẹnu, kẹ́ ẹ dé e pinpin. Afẹ́fẹ́ á tán mọ́ kòkòrò nínú. Ẹ má fi Sniper sí i o! Oúnjẹ lẹ fẹ́ jẹ.

Àpò kì í sì í ní èènì. Ìyá tí mò ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ á wọn kọ́ńgò kó ga gègèrè, á tún bu ìkúnwọ́ kan lé e. (Ẹ ṣáà máa yẹ ìdí kọ́ńgò wò kí wọ́n tó wọn ún. Àwọn kan ti fi òòlù lù ú wọnú.)

Ọwọ́ àwọn ará ilé nìkan lẹnikẹ́ni kì í ṣírò mọ́ ọn. Nígbà tí mo ra àpò gààrí, alaalẹ́ làwọn ọmọ ń mu ún, ife ńlá. Tó bá jẹ́ kọ́ńgò mẹ́ta, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Lójú tèmi, ìgbà tẹ́ ẹ rà á ló ń dín owó kù ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Epo pupa máa ń pọ̀ lọ́jà láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún. Ìgbà yẹn ni mò ń ra kẹ́ẹ̀gì. Tòmátì a máa wọ́n nígbà òjò, a sì máa pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ mẹ́rin tẹ́ ẹ dáwó ra apẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ pín in lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ìrẹsì, iyọ̀ àti epo nìkan ni mò ń rà lọ́pọ̀ báyìí. Lálẹ́ Jímọ̀, a máa ń kọ ohun tá a máa jẹ lọ́sẹ̀ sára ìwé, ata ọbẹ̀ méjì péré ni mo sì ń rà. Apẹ̀rẹ̀ ọjọ́ náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ ti ń yé sínú rẹ̀.