Igbó Ọ̀ṣun ò lè gba gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ jáde. Àwa tá a fẹ́ràn Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àwa náà wà lára àwọn tó ń bà á jẹ́. Mo mọ̀ pé tẹ́nì kan bá ti dárúkọ odò Ọ̀ṣun báyìí, àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò, lọ́wọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lọ̀rọ̀ máa ń lọ sórí wọn, òótọ́ sì ni, iṣẹ́ wọn wà lára ohun tó sọ omi náà di rúsúrúsú, ìjọba sì gbọ́dọ̀ dá wọn lẹ́kun. Ṣùgbọ́n awakùsà kọ́ ló ń ju ọ̀rá piọ́ wọ́tà sáàárín igbó o. Àwa ni.

Igbó yẹn ò tóbi tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Hẹ́kítà 75 péré ni, ìlú sì ti ń fún un mọ́ra. Oríṣi igi àtewé tó wà níbẹ̀ tó 400, ó sì ju 200 lára wọn tí àwọn àgbà mọ̀ lóògùn. Ẹ wá rò ó wò, lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, lọ́jọ́ tí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ ìlú, bá ń gbé igbá lọ sódò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa rọ́ wọ ilẹ̀ kékeré yẹn, tàwọn ti fóònù, tàwọn ti ike mínírà lọ́wọ́. Àjọ àgbáyé UNESCO tó kọ orúkọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005 sọ ọ́ fúnra wọn pé àpọ̀jù àlejò lè ṣe ibẹ̀ níbi.

Ilẹ̀ tá à ń tẹ̀ ló ń dùn mí jù, torí kò séèyàn tó ń wò ó. Ilẹ̀ inú igbó máa ń rọ̀, ewé tó ti jẹrà ló bò ó, ibẹ̀ ni kóró igi ti ń hù, ibẹ̀ lekòló ń gbé. Tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, á sún ki, á le, òjò tó bá rọ̀ ò ní rí ibi wọlẹ̀ mọ́, ńṣe láá máa ṣàn lọ sínú odò, á sì máa kó erùpẹ̀ lọ. Àwọn igi ńlá á ṣì wà lóòró, ẹ máa rò pé kò sí nǹkan tó ṣe igbó, àmọ́ kò ní sí ọmọ igi kankan lábẹ́ wọn tó máa rọ́pò wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá wó. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, á yà kúrò lójú ọ̀nà torí ó fẹ́ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí ibi tó gbà, òun náà á gba ibẹ̀, kílẹ̀ tó ṣú ó ti dọ̀nà.

Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fún wọn ní bisikíìtì. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọdé, fídíò ẹ̀ sì máa ń dáa, àmọ́ iṣẹ́ lọ̀bọ ń ṣe nínú igbó. Á já èso, á kó o sẹ́nu, á tu kóró ẹ̀ síbòmíì, bí igi ṣe ń dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ọ̀bọ tó bá ti mọ̀ pé ọwọ́ àlejò loúnjẹ wà ò ní rìn jìnnà mọ́, á dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já báàgì gbà, á lè gé èèyàn jẹ, àìsàn tiwa lè ràn án, tiẹ̀ náà lè ràn wá. Ẹni tó bá ti dé Lekki Conservation Centre l'Ékòó á mọ ohun tí mò ń sọ, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ti mọ àlejò tó gbé oúnjẹ dání.

Ohun tí mi ò sì lóye ni pé Ìwọ́pópó làwọn bàbá wa fi ń ṣí ọdún Ọ̀ṣun, ojú pópó ni wọ́n ń wẹ̀ mọ́ kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí la wá fi ń parí ẹ̀. Nínú igbó yẹn wọn kì í dọdẹ, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi, èèwọ̀ yẹn ló jẹ́ ká ṣì bá nǹkan níbẹ̀. Nígbà táwọn kan sì fẹ́ máa gé igi ibẹ̀ tà, Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Austria, òun àtàwọn olórìṣà pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ló dúró gbọin-in, títí ìjọba fi sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965.

Àwọn kan á ní owó àlejò ńkọ́, ṣé kí ìlú má jẹun ni? Rárá o. Ṣùgbọ́n Maya Bay, etíkun kan ní Táílándì, àlejò tó ń lọ síbẹ̀ lójúmọ́ tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún, iyùn inú òkun ibẹ̀ bà jẹ́, ni wọ́n bá tì í pa lọ́dún 2018, wọn ò ṣí i padà àfi 2022, ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní shark tó ti sá lọ sì padà wá. Ní báyìí wọ́n ní iye èèyàn tí wọ́n ń gbà wọlé. Owó ṣì ń wọlé fún wọn.

Mi ò ní káwọn tó ń bójú tó igbó tì í mọ́ àwọn olórìṣà o, ilé wọn ni. Àwa tá a kàn wá wòran ni kí wọ́n kà sílẹ̀, kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì níwọ̀n. Kí oúnjẹ àti omi inú ọ̀rá dúró lẹ́nu géètì. Kí jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà àwọn ilé iṣẹ́ tó ń polówó ọjà wà nígboro, kì í ṣe létí igbó táwọn ẹyẹ ń gbé. Kí wọ́n sì kéde ẹ̀ láti oṣù kẹfà, lórí rédíò àti lórí Facebook, kẹ́ni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn tàbí láti ìlú òyìnbó ti mọ̀ kó tó sanwó ọkọ̀.