Pé Àwo Ti Pẹ́ Nílé Kò Ní Kó Yẹ fún Oúnjẹ

Ní ọdún Káyókáyọ̀ tó kọjá, mo yà sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Òkè-Bàlógùn, nílùú Ẹ̀pẹ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, mo dúró. Ó ti tún ibẹ̀ ṣe. Ó kun ògiri ní àwọ̀ ewé tó ti ń ṣá, ó kan pákó mọ́ ọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó sì to ẹrù ìyàwó ìyá wa sórí pákó náà: bàsíà tánganran olódòdó mẹ́fà tó wọnú ara wọn, abọ́ pupa fòò tó ní ọmọrí, kẹ́tù búlúù, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi góòlù yí létí, fúláàsì tó ní àwòrán òdòdó, àti abọ́ dígí funfun tí ìyá wa kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn nígbà tá a wà ní kékeré. Omi lé sí mi lójú. Ó dà bíi pé ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ra ẹja lọ́jà Olúwo ni.

Ọbẹ̀ jinná, àwọn ọmọ jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí pákó, ó gbé abọ́ pupa yẹn sọ̀kalẹ̀, ó nu eruku rẹ̀, ó sì gbé ṣíbí ìbọbẹ̀ kí ó bu ọbẹ̀ tòmátì gbígbóná sínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ú sí eléyìí."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti bó nínú, ó bó létí. Mi ò sì fọkàn tán àwọ̀ pupa yẹn."

"Ìwọ náà! Ṣé inú rẹ̀ kọ́ ni ìyá wa ti ń jẹun ni? Ṣé wọn ò lé lọ́gọ́rin ọdún kí wọ́n tó lọ? Tìsinsìnyí ló kún fún kẹ́míkà. Ti àtijọ́ ò lábùlà."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn, nítorí ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ló gbà á gbọ́. Látìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń pè ní vintage, tí wọ́n ń tú àpótí ìyá wọn, tí wọ́n sì ń ra abọ́ àlòkù lọ́jà, ni mo ti ń gbọ́ ọ: àwo àtijọ́ lágbára ju tòní lọ, kò ní májèlé, àwọn baba wa ò sì lè ṣe ohun tí yóò pa wá lára. Mo fẹ́ràn àwọn àwo yìí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ nígbà tí mo bá rí i pé wọ́n ń bu oúnjẹ ọmọdé sínú èyí tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọgọ́rin ọdún. Òótọ́ ni pé ìyá wa pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó pẹ́ láyé la máa ń rí tọ́ka sí. Ẹni tí kò pẹ́ kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Bákan náà ni àwọn àwo náà rí. Àwo mélòó ni wọ́n kó fún ìyá wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn? Ó pọ̀ ju ohun tó kù lórí pákó yẹn lọ. Èyí tó fọ́ ti lọ sí ààtàn, èyí tó jò ti di ohun tí adìyẹ fi ń mumi. Ìwọ̀nba tó yè ló wà níwájú wa, a wá ń sọ pé gbogbo ohun ayé àtijọ́ ló lágbára. Tó bá di àádọ́ta ọdún sí i, àwọn ọmọ wa yóò sọ ohun kan náà nípa àwo tí a rà lánàá, nítorí èyí tó bá yè nìkan ni wọn yóò rí.

Èkejì ni pé májèlé tí mò ń sọ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń jẹ tó ń ṣubú lulẹ̀. Òjé ni, irin tí àwọn Òyìnbó ń pè ní lead. Bó bá wọ ara díẹ̀díẹ̀, inú egungun ló máa ń lọ bá, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ru, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí obìnrin bá lóyún, òjé tó ti wà nínú egungun rẹ̀ tipẹ́ lè jáde sínú ẹ̀jẹ̀ kó sì kan ọmọ inú. Ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù: ọpọlọ rẹ̀ ò ní já geere bó ṣe yẹ, ìwé á ṣòro fún un, ọkàn rẹ̀ ò ní pa pọ̀ sójú kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ta ló fẹ́ mọ̀ láyé ìyá wa pé àwo ló fà á? Wọ́n á ní ọmọ náà ya olódo ni, wọ́n á sì nà án.

Bí ẹ bá sì rò pé ohun ìbílẹ̀ kò lè ní òjé nínú, ẹ rántí tìróò. Ìyá wa lé e, ìyá ìyá wa lé e, wọ́n fi sójú ọmọ ọwọ́ pé kó lè ríran dáadáa. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, tìróò tí wọ́n gbé wá láti Nàìjíríà ni wọ́n bá. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: òjé inú rẹ̀ ju 80 nínú 100 lọ. Ìfẹ́ ni òbí fi lé e fún ọmọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí pákó ẹ̀gbọ́n mi.

Tánganran olódòdó tí a ń pè ní ẹrù ìyàwó, irin ni nínú, dígí ni lára. Wọ́n á lọ dígí kúnná, wọ́n á fi bo abọ́ irin, wọ́n á sì kì í bọ inú iná ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí dígí náà lè yọ́ mọ́ irin. Àwọn aláwọ̀ funfun ló gbé e dé. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi bo ìkòkò irin ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọkọ̀ òkun ló sì kó o wá sí etíkun wa. Nígbà tó yá, àwọn oníléeṣẹ́ láti Hong Kong wá dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń pè é ní ohun àbáláyé Yorùbá. A fẹ́ràn rẹ̀, a fi gbé ìyàwó, a to ó jọ nínú yàrá kí àlejò lè mọ̀ pé ilé yìí kì í ṣe ilé òfo. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, ohun tí ilé iṣẹ́ ayé ìgbà náà ń lò ló sì wà lára rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń lò? Àwọ̀ pupa tó tàn, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ìyeyè, ohun tí wọ́n sábà fi ń mú wọn jáde ni kádímíọ̀mù, irin kan tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Wọ́n ń lo òjé nínú ohun tí wọ́n fi ń mú àwo amọ̀ dán, àti nínú ọ̀dà òdòdó tí wọ́n ń yà sára rẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo abọ́ pupa ló léwu o. Bí wọ́n bá sun dígí náà dáadáa tí kò sì sán, ó máa ń di ohun inú rẹ̀ mú ṣinṣin. Ibi tó ti bó, ibi tó ti ha nítorí kànìnkànìn, ibi tí dídán rẹ̀ ti ṣá tó wá rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ti ṣí. Èérún dígí lè bọ́ sínú ọbẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ á sì dípẹtà.

Ní Amẹ́ríkà, àwo kan wà tí àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ń wá kiri títí dòní, Fiesta lorúkọ rẹ̀. Ó jáde ní 1936. Uranium, ohun tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, ni wọ́n fi ṣe àwọ̀ pupa rẹ̀. Ìjọba gba uranium mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n dáwọ́ pupa náà dúró ní 1943, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ó sì parí ní 1972. Orí tábìlì oúnjẹ ló wà ní gbogbo àkókò yẹn. Mi ò sì sọ pé ká sá lọ bá tuntun: ní 2010, McDonald's pe ife dígí tó tó mílíọ̀nù 12 padà nítorí kádímíọ̀mù tó wà nínú àwòrán ara rẹ̀, tuntun gbáà sì ni ife náà. Ọjọ́ orí àwo kọ́ ni ká máa wò.

Ohun tí a ń bù sí i àti iye àkókò tó fi ń wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì. Nǹkan kíkan ló ń tú òjé àti kádímíọ̀mù kúrò lára àwo. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ àwo amọ̀ wò, omi kíkan bíi ti fínígà, ìwọ̀n 4 nínú 100, ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, wọ́n á wá wọn ohun tó tú sínú omi náà. Wákàtí 24 péré. Ẹ wá wo àwa. Ìyá wa á rẹ ewé àti egbò sínú omidùn, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á gbé e sínú kẹ́tù tánganran tó ti bó nídìí, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Tí ó bá ti ń tán, wọ́n á tún bu omidùn lé e. Ògì tí a fi sínú bàsíà kó lè kan, bákan náà ni. Ìdánwò tí wọ́n ń fi wákàtí 24 ṣe níbi ìwádìí là ń fi ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin ṣe nílé, a wá ń gbé èyí tó jáde níbẹ̀ fún ọmọ tó ní ibà mu. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rò ó.

Abọ́ dígí funfun ńkọ́? Àwọn èèyàn á ní Pyrex àtijọ́ kì í fọ́, pé dígí pàtàkì tí iná ò ràn ni. Òótọ́ ni pé irú dígí bẹ́ẹ̀ ni Corning, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe Pyrex, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní 1915. Àmọ́ àwọn abọ́ funfun aláwọ̀ mèremère tí gbogbo wa ń fẹ́, dígí mìíràn ni wọ́n fi ṣe wọn, èyí tí wọ́n kàn fi ooru mú le. Ẹ má gbé e láti inú fíríìjì sórí iná. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀dà ìta rẹ̀ tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ kànìnkànìn.

Ìkòkò wíwúwo tí wọ́n ń yọ́ láti ara pàǹtí alumíníọ̀mù náà wà, tí a máa ń rò pé òun ló jẹ́ ti ìbílẹ̀ jù, tó sì gbámúṣé jù. Àwọn olùwádìí yẹ irú rẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù, wọ́n gbé èsì jáde ní 2014, wọ́n rí i pé òjé ń tú jáde sínú oúnjẹ. Ní 2017 wọ́n yẹ 42 wò láti orílẹ̀-èdè 10. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń tu òjé tó pọ̀ débi tí ó kọni lóminú. Ohun tí alágbẹ̀dẹ bá rí ló ń yọ́: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, agolo, ohun tó ti ara kọ̀ǹpútà jáde. Kò mọ̀ pé òjé wà níbẹ̀, a ò sì lè bínú sí i.

Kò sí bí ojú ṣe lè rí i. Òjé kì í rùn, kì í korò. Ohun ìdánwò tí wọ́n ń tà pé kéèyàn fi nu àwo, tí àwọ̀ rẹ̀ á yí padà bí òjé bá wà, máa ń tàn wá jẹ, ó lè sọ pé kò sí nígbà tó wà. Nítorí náà, èmi ò wá ẹ̀rí kankan mọ́ lára abọ́ tó bá ti bó, tó ṣá, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ pupa tàbí ìyeyè nínú ibi tí oúnjẹ ń kàn. Mo gbé e kọ́ ògiri. Abọ́ funfun tí dígí rẹ̀ ṣì dán tí kò sán, mò ń bu ẹ̀wà sísè àti àkàrà sí i lọ́jọ́ ọdún, mi ò sì jẹ́ kí ó sùn nínú rẹ̀. Bàsíà olódòdó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí a ò tíì bó, ó sì dára lójú níbẹ̀ ju bó ṣe dára nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ohun àtijọ́ tòótọ́ tí ẹ ó fi se oúnjẹ, ìṣaasùn wà. Àwọn amọ̀kòkò wa kì í fi ohun tó ń dán bíi dígí bo ìkòkò. Wọ́n á sun ún, wọ́n á sì wọ́n omi èèpo igbá, èso igi tí a ti ń rí irú, sí i lára nígbà tó ṣì gbóná, kó lè dúdú, kó má sì jò. Kò sí ọ̀dà tó ní òjé lára rẹ̀ láti bó. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé òun gan-an la sọ nù nígbà tí tánganran dé.

Mi ò parí ọ̀rọ̀ yìí tán lọ́jọ́ náà kí ọbẹ̀ tó fẹ́ẹ́ tutù. Ẹ̀gbọ́n mi wo abọ́ pupa náà títí, ó fi ọwọ́ pa ibi tó bó, ó sì bu ọbẹ̀ sínú abọ́ mìíràn láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó pè mí. Ó ní òun ti da àgbo inú kẹ́tù búlúù nù, òun ti fi òdòdó sínú kẹ́tù náà lórí fèrèsé, àti pé ṣé mo mọ ẹni tó ṣì ń ta ìṣaasùn tó tóbi, torí àgbo ọkọ òun kò gbọdọ̀ tán.