Àwòrán Laptop Kì í Ṣe Laptop

Níbi ìsọmọlórúkọ kan l'Ábẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bí mi nínú. Ọdún àṣekágbá ló wà ní yunifásítì, iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń kọ́. Laptop tó ń lò ti ṣẹ́ lọ́rùn. Sẹ́lótéèpù ló fi so ojú ẹ̀ mọ́ ìdí, ìwé ńlá méjì ló sì máa ń fi tì í lẹ́yìn kó má baà dojú dé. Mo ní, "Ṣé owó ni ò sí ni?" Ó ní, "Owó wà, Bọ̀ọ̀dá. MacBook tó ń bọ̀, laptop ilé iṣẹ́ Apple, ni mò ń dúró dè. Ọwọ́ la ó máa fi tẹ ojú ẹ̀ bíi ti fóònù, tó bá ti rí ojú èèyàn ló máa ṣí, wọ́n á sì pààrọ̀ ara ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ti dájú. Mo ti rí àwòrán ẹ̀."

Mo ti rí àwòrán ẹ̀! Bí ẹ bá rí bó ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé ó bá àwọn ọ̀gá Apple jókòó ní California lálẹ́ àná ni. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn tí mo ti ń bá àwọn atẹ̀wé ṣètò èèpo ìwé àti káàdì ìgbéyàwó, mi ò lè mẹ́nu ba laptop kí ẹnì kan má sọ pé kí n ní sùúrù, tuntun ń bọ̀, báyìí báyìí ni yóò ṣe rí. Ó sú mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àwòrán yìí, torí iṣẹ́ mi ni. Ohun tí wọ́n ń pín kiri kì í ṣe fọ́tò. Ẹnì kan ló gbọ́ pé ẹnì kan sọ pé báyìí ni yóò rí, ló bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ya laptop kan, ó tan iná sí i lára, ó fi òjìji sábẹ́ ẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì onípákó, ó tán. Ẹ fún mi ní wákàtí mẹ́ta, màá ya MacBook tó ní ìyẹ́ apá fún yín, ẹ ó sì rí òjìji ìyẹ́ náà lórí tábìlì. Bí àwòrán ṣe mọ́ tó kò sọ nǹkan kan nípa bóyá òótọ́ ni. Ó kàn ń sọ fún yín pé ẹni tó yà á mọṣẹ́ ni.

Ọ̀nà tí mo gbà mọ èyí, owó ni mo fi kọ́ ọ. Lóṣù Kẹrin ọdún 2021, Apple gbé iMac tuntun, kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn, jáde ní àwọ̀ méje: àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, yẹ́lò wà níbẹ̀, ọsàn, píǹkì, pọ́pù, búlúù àti fàdákà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Jon Prosser, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ àṣírí Apple lórí YouTube, gbé àwòrán MacBook Air tó ń bọ̀ jáde. Àwọn àwọ̀ iMac yẹn náà ni wọ́n kùn ún, etí síkírìn ẹ̀ funfun, kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ funfun. Ó wuni, mi ò ní parọ́. Ìyàwó mi rí i lórí fóònù mi, ó ní yẹ́lò yẹn ni ká rà.

Owó MacBook Air M1 (M1 ni orúkọ chip, ọpọlọ inú ẹ̀) wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. 999 dọ́là ni wọ́n ń tà á l'Amẹ́ríkà, ẹni tó máa bá mi gbé e bọ̀ ti gbé báàgì sílẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ rà á mọ́. Yẹ́lò ń bọ̀.

Ọdún 2021 parí, yẹ́lò ò dé. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Apple tó fi Air tuntun náà han aráyé, oṣù Keje ló dórí àtẹ. Àwọ̀ mẹ́rin ló ní: fàdákà, eérú, èyí tó dà bí iyẹ̀pẹ̀ etí òkun tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, àti dúdú kan tó ń ṣe bíi búlúù. Etí síkírìn dúdú. Kíbọ́ọ̀dù dúdú kirikiri. Pé ara ẹ̀ máa tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kó máa tín-ín-rín lọ síwájú, ìyẹn ṣẹ, ẹ mú un. Yẹ́lò ńkọ́? Ẹ bi Prosser. Òun kan náà ló gbé àwòrán Apple Watch tuntun, aago ọwọ́ wọn, jáde lóṣù Karùn-ún ọdún 2021, ó ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ máa tẹ́. Nígbà tí wọ́n fi aago náà, Series 7, hàn lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ rí roboto bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Iye Air tuntun náà sì ti di 1,199 dọ́là. Náírà tí mo ti kó pamọ́ ní tiẹ̀ ti ń yọ́ bí òrí àmọ́rí tí wọ́n gbé sóòrùn. Apple ò tiẹ̀ dá M1 dúró, 999 dọ́là náà ni wọ́n ṣì ń tà á. Òun náà ni mo padà rà, èyí tí mo ti kọ̀ lọ́dún kan sẹ́yìn, àmọ́ náírà tí mo san lé e pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Òun ni mo fi ń kọ eléyìí. Fàdákà ni. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ti ojú èèyàn tó ń ṣí laptop. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Apple fi MacBook Pro oní-ínǹsì 14 àti 16 hàn lóṣù Kẹwàá ọdún 2021, àṣírí tú pé wọ́n gé ibì kan wọnú síkírìn ẹ̀ lókè, bíi ti iPhone. Ariwo sọ. Wọ́n ní kí tún ni gígé yẹn wà fún bí kò bá ṣe Face ID, èyí tó ń fi ojú dá èèyàn mọ̀ kó tó ṣí? Ọjọ́ kejìdínlógún pé, wọ́n ṣí aṣọ lójú eégún. Gígé wà lóòótọ́. Face ID ò sí. Kámẹ́rà lásán ni wọ́n fi síbẹ̀, ìka ọwọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù la sì tún ń fi ṣí i. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni gígé. Ìyókù, ọkàn wọn ló yà á.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí, kó mú fóònù ẹ̀. iPhone 13 tó jáde ní ọdún yẹn nípọn tó mìlímítà 7.65, inú ẹ̀ sì ni gbogbo ojú-iná àti kámẹ́rà Face ID ń gbé. MacBook Air ọdún 2022, tẹ́ ẹ bá pa á dé, òun lódindi jẹ́ mìlímítà 11.3, tìdérí tìdí, tibátìrì, tikíbọ́ọ̀dù. Mélòó ló wá kù fún ìdérí nìkan nínú ìyẹn? Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ fóònù yín ti ẹ̀gbẹ́ ìdérí laptop kan kẹ́ ẹ wò ó. Mo ṣe é níwájú ọmọ yẹn níbi ìsọmọlórúkọ, pẹ̀lú iPhone ìyá ẹ̀ àti Air tèmi. Ó wò ó, ó ní, "Wọ́n á wá ọgbọ́n dá sí i." Mo kàn gbé jọ̀ọ́lọ́ọ̀fù mi.

Touch screen, síkírìn tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, ló gùn jù nínú gbogbo àhesọ wọ̀nyí. Láti ọdún 2010 ni Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Apple sílẹ̀, ti dúró lórí pèpéle tó ní àwọn ti dán an wò, pé bí síkírìn bá dúró lóròó níwájú èèyàn, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ á fi máa ro onítọ̀hún. Lọ́dún 2012 Tim Cook tó rọ́pò ẹ̀ náà sọ ọ́ lọ́nà tiẹ̀: ó ní èèyàn lè pa ẹ̀rọ tó ń yan búrẹ́dì pọ̀ mọ́ fíríìjì, àmọ́ kò dájú pé ẹni tó máa lò ó á gbádùn ẹ̀. Àhesọ ò torí ẹ̀ dákẹ́. Lóṣù Kìíní ọdún 2023, Mark Gurman, akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ ìròyìn Bloomberg, kọ ọ́ pé wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó dé ní 2025. Gbogbo ayé fọn ọ́n. Àwọn tó ń fọn ọ́n kiri kì í rántí kọ "ó ṣeé ṣe" yẹn mọ́ ọn.

2025 dé. Air oní-M4 jáde lóṣù Kẹta, ẹ fọwọ́ tẹ ojú ẹ̀, kò dá yín lóhùn. Pro oní-M5 jáde lóṣù Kẹwàá, bákan náà. Lọ́dún 2025 náà ni wọ́n sún un sí ìparí 2026 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 2027. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa sún un.

Èmi ní laptop kan tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ ojú ẹ̀, ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo tẹ̀ ẹ́ títí. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ojú ẹ̀ á mì lọ mì bọ̀ bí orí alángbá. Lọ́sẹ̀ kejì, kìkì àmì ìka àwọn ọmọ mi tó ń jẹ àkàrà ló wà lójú ẹ̀. Láti ìgbà náà, máòsì ni mo ń lò. Nǹkan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọdún kẹ́yìn nílé ìwé dúró dè nìyẹn o.

Wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ àṣírí yìí máa ń ṣẹ ṣáá." Èwo ló ń ṣẹ níbẹ̀? Pé chip tuntun ń bọ̀? Lẹ́yìn M1, M2 ni. Ẹni tó ní Sátidé ló máa tẹ̀ lé Jímọ̀, ṣé a ó máa pè é ní wòlíì? Wọ́n á ní Apple ti gba patent, ìwé àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ohun téèyàn ṣàwárí. Lóṣù Kìíní ọdún 2020 ni ìwé kan tí wọ́n fi béèrè patent jáde l'Amẹ́ríkà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi gíláàsì kan ṣoṣo tẹ̀ bí ọrun. Ẹ lọ rà á wá fún mi.

Mo gbà, ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ tààrà lẹ́ẹ̀kan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, Gurman àti Ming-Chi Kuo, onímọ̀ kan tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ Apple, ti sọ ọ́ pé ṣájà olómágínẹ́ẹ̀tì MagSafe máa padà wá sára MacBook Pro, ó sì padà wá. Àmọ́ ẹ má gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún yẹn. Àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ REvil fọ́ wọnú kọ̀ǹpútà Quanta, ilé iṣẹ́ kan ní Taiwan tó ń bá Apple ṣe laptop. Wọ́n jí àwòrán tí àwọn ẹnjiníà fi ń to ẹ̀rọ náà gan-an, wọ́n ní kí wọ́n wá fi 50 mílíọ̀nù dọ́là gbà á. Nínú àwòrán yẹn, ojú ihò HDMI tí wọ́n fi ń so laptop mọ́ tẹlifíṣọ̀n wà, ti mẹ́mọ́rì kádì wà, ti MagSafe náà wà. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó jáde. Bí ẹ̀rí ṣe ń rí nìyẹn: ó ní ìwọ̀n, ó ní ibi tí wọ́n máa de ìdè sí, olè ló jí i, ẹni tó ni í sì ń sá kiri. Kò ní òjìji lábẹ́, kò sí lórí tábìlì onípákó. Ìgbà tí wọ́n bá fi irú ẹ̀ hàn mí ni kí wọ́n tó sọ fún mi pé ó dájú.

Kódà ohun tí ilé iṣẹ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ lè má dé. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni Apple fúnra ẹ̀ fi AirPower hàn, pẹpẹ kan tí èèyàn máa gbé fóònù àti aago lé kí iná wọlé sí wọn. Lóṣù Kẹta ọdún 2019 wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2019, Microsoft gbé Surface Neo jáde níwájú àwọn oníròyìn, kọ̀ǹpútà olójú méjì tó ń ṣí bí ìwé, wọ́n ní ìparí 2020 ló máa dórí àtẹ. Wọ́n gbé e lọ́wọ́, ayé rí i. Kò dórí àtẹ kankan. Bí ẹni tó ń ṣe é bá lè sọ pé òun ń ṣe é kó má sì ṣe é, irú ìdánilójú wo ni ti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn?

Ṣé touch screen lè dé sára MacBook lọ́jọ́ kan? Ó lè dé. Mi ò bá a jà.

Kí n tó kúrò l'Ábẹ́òkúta, mo sọ fún ọmọ náà pé Air M4 tàbí tòkunbọ̀ tó mọ́ á gbé gbogbo àwòrán ilé tó máa yà títí tó fi máa jáde, bí sọ́fútíwíà tí wọ́n ń lò ní ẹ̀ka wọn bá ti lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Lánàá ló tún fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Èyí ní wúrà létí. Mo bi í pé báwo ni ọrùn laptop ẹ̀. Ó ní òun ti pààrọ̀ sẹ́lótéèpù.